Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ Kí Ó Tó Di Lọ́yà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ni kì í fẹ́ gbọ́ pé ọmọ àwọn fẹ́ ṣe lọ́yà. Wọ́n a ní iṣẹ́ irọ́ ni, wọ́n a ní ẹni tó bá ń gba ẹjọ́ olè rò, olè ni òun náà. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni a ṣe mú ìtàn ẹnì kan wá lọ́dún yìí, ẹni tí gbogbo yín mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìṣèlú nìkan ni ọ̀pọ̀ fi mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì ni. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì kọ èyí nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe kí ó tó di agbẹjọ́rò, àti bí wọ́n ṣe wúlò fún un lọ́jọ́ tí ẹjọ́ kan òun alára, ni ohun tí a fẹ́ sọ.

Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni wọ́n ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909. Àgbẹ̀ àti agégẹdú ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àrùn ṣọ̀pọ̀nná pa bàbá náà ní 1920, láti ìgbà náà ni ìyà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ́ igi tà, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni, kí ó lè rí owó ilé-ìwé san. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kùn pé sálà yín ti gbó, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní 1927 ó wọ Wesley College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Ẹlẹ́kùró ní Ìbàdàn wa níbí. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi kúrò, ó sì lọ ṣe tíṣà ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn èyí ó kọ́ títẹ táípù àti ṣọ́tháàndì, ìyẹn bí a ti ń fi àmì kéékèèké kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ bí ó ti ń jáde. Iṣẹ́ yìí ló ṣe ní ilé-iṣẹ́ àwọn ará Jámánì kan ní Èkó. Ní 1932 ó padà sí Wesley College kan náà, kì í ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, bí kò ṣe bí akọ̀wé. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ní 1934, ó ṣe oníròyìn fún ìwé ìròyìn Daily Times, ó sì kó wọ inú òwò ní Ìbàdàn: ó ń ra kòkó, ó ní ọkọ̀ ẹrù, ó ń yá àwọn ènìyàn lówó. Òwò náà dára títí iye kòkó fi wó lulẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ti gbéyàwó nígbà náà. Ní oṣù kejìlá 1937 ni ó fẹ́ Hannah Ìdòwú Dídéolú.

Ohun tó jọ wá lójú ni pé ní gbogbo àkókò yìí, kò fi ìwé sílẹ̀. Ó ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, ó ń bá àwọn òyìnbó aláṣẹ fa ọ̀rọ̀ nítorí àwọn awakọ̀. Bó bá di alẹ́, á jókòó ti ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láìkúrò nílé. Ọdún náà ló tó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó láti kọ́ òfin, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, tó ti níyàwó tó sì ti bímọ. Ní oṣù kọkànlá 1946 wọ́n pè é sí iṣẹ́ lọ́yà ní Inner Temple.

Ìbàdàn ló padà sí. Òun àti Abíọ́dún Akérélé ni wọ́n jọ dá ọ́fíìsì agbẹjọ́rò sílẹ̀. Ní Èkó nígbà náà, ọ́fíìsì Thomas, Williams àti Káyọ̀dé ni òkìkí rẹ̀ kàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé tó wà nínú wọn, lọ́yà tó padà di adájọ́ ni bàbá rẹ̀. Awólọ́wọ̀ kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní ni pé ó ti bá awakọ̀ gbé, ó mọ bí òṣùwọ̀n kòkó ṣe ń rí, ó mọ ìrora ẹni tó jẹ gbèsè, ọwọ́ rẹ̀ sì yá láti kọ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ní kóòtù rí yóò mọ̀ pé níbi tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ti àná àti ti òní bá ti yàtọ̀ ni ẹjọ́ ti ń yí padà.

Kí àwọn èwe má rò pé ó ti pẹ́ tí lọ́yà ti ń dúró fún ènìyàn ní ìlú wa. Láti 1914 tí Lugard ti dá kóòtù ẹkùn sílẹ̀, òfin kò gbà kí lọ́yà gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò níbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló ń ṣe adájọ́. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan àgbẹ̀ tí kò gbọ́ èdè òyìnbó, tí ẹ̀sùn náà sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀, òun nìkan ni yóò rojọ́ ara rẹ̀. Ọdún 1933 ni wọ́n tó yí òfin náà padà, tí lọ́yà lè dúró ní kóòtù gíga àti ti májísíréètì. Ní kóòtù ìbílẹ̀, a kò gbà wọ́n láyè síbẹ̀. Àwa tí a kàwé Lárúbáwá mọ ohun tí wákíìlì jẹ́, a sì mọ̀ pé adájọ́ kò gbọdọ̀ dájọ́ títí yóò fi gbọ́ ẹnu ẹnì kejì. Bí ẹnì kejì kò bá mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ lọ́yà ti wúlò, ìbá à jẹ́ olè ni ó dúró fún.

A kò ní pẹ́ lórí ìṣèlú rẹ̀. Ó dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀ ní 1949, ó dá ẹgbẹ́ Action Group sílẹ̀ ní 1951, ó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955.

Ní oṣù kọkànlá 1962 ni ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn án, òun àti àwọn mìíràn tí Làtíìfù Jákàńdé wà nínú wọn. Ó yan lọ́yà tirẹ̀ láti òkèèrè: Gratiaen, ọmọ ilẹ̀ Ceylon tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, tó ti ṣe adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti fún un láyè láti ṣiṣẹ́ lọ́yà níbí. Ṣùgbọ́n mínísítà kò jẹ́ kí ó wọ ìlú. Awólọ́wọ̀ pe ìyẹn náà lẹ́jọ́, ó ní òfin ilẹ̀ wa fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láṣẹ láti yan ẹni tí yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Kóòtù ní àṣẹ náà kò kan ẹni tí ìjọba kò bá fẹ́ kó wọlé. Ní tiwa, a rò pé ìdájọ́ yìí le jù.

Ó wá dúró, ó gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò níwájú Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ̀. Ọmọ igi títà, akọ̀wé táípù, oníkòkó tó jẹ gbèsè, òun ló ń bi àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba ní ìbéèrè. Àárín ẹjọ́ yìí náà ni àkọ́bí rẹ̀, Ṣẹ́gun, tí òun náà jẹ́ lọ́yà, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù keje 1963. Ẹjọ́ kò dúró. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un, wọ́n dá méje fún Jákàńdé. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kò bọ́ sí i. Ẹ̀wọ̀n Kàlàbá ló wà títí Gowon fi dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1966. Ó tún lo ọdún tó lé ní ogún lẹ́yìn náà, ó sì kú ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 1987.