Alfred Binet: Ọkùnrin tó gbé ìdánwò òye jáde nítorí kí wọ́n má baà sọ ọmọ ọlọ́mọ di olódo

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje, ọdún 1857, ni wọ́n bí Alfred Binet sí ìlú Nice, nígbà tí ìlú náà kò tíì sí lábẹ́ ìjọba Faransé. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ayàwòrán ni ìyá rẹ̀; àwọn méjèèjì pínyà, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ náà sì dàgbà sí. Ìmọ̀ òfin ló kọ́kọ́ kà, ó gbàwé ẹ̀rí ní 1878, ṣùgbọ́n kò fi ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ ìṣègùn, kò parí rẹ̀. Inú ilé ìkàwé ńlá kan ní Paris ló ti dá kọ́ ara rẹ̀ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń ronú. Kàyéfì ni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wá so mọ́ ìdánwò kò ti inú ìdánwò wọ iṣẹ́ náà.

Ní ilé ìwòsàn Salpêtrière, lábẹ́ gbajúmọ̀ dókítà Jean-Martin Charcot, ojú tì í gidigidi. Òun àti Charles Féré kéde pé bí àwọn bá fi irin òòfà súnmọ́ aláìsàn tí àwọn ti mú wọnú oorun àtọwọ́dá, apá tó rọ yóò yí láti òsì sí ọ̀tún. Joseph Delboeuf láti Belgium ló tú u fó: àwọn aláìsàn náà ti mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe é. Binet gbà pé òun ṣìnà, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1890. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣọ́ra fún ìbéèrè tó ń fi ìdáhùn síni lẹ́nu.

Ọdún 1891 ló wọ ilé ìwádìí ní Sorbonne, láìgba owó oṣù. Ó wọn orí àwọn ọmọ ilé ìwé, nítorí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà gbà pé orí ńlá ni ọgbọ́n ń gbé. Ìyàtọ̀ tó rí kò tó nǹkan, ó sì pa á tì.

Òfin ọdún 1882 ti sọ ilé ìwé di dandan fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n àwọn kan kò lè bá ẹgbẹ́ wọn rìn nínú kíláàsì. Ní 1904, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ wọn, Binet sì wà níbẹ̀. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé ẹnu olùkọ́ nìkan lè sọ ọmọ di olódo, nítorí tíṣà lè fẹ́ lé alágídí lọ lásán. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà méjì lè yẹ ọmọ kan náà wò, kí wọ́n sì pè é ní orúkọ méjì. Ní 1905, òun àti dókítà Théodore Simon gbé ìdánwò oníbéèrè 30 jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí fífi ojú tẹ̀lé iná ìṣáná, ó sì parí sí sísọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì tó jọra. Ní 1908, wọ́n tò ó ní ọjọ́ orí: ọmọ ọdún 3 gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí imú àti ẹnu rẹ̀.

Kíláàsì pàtàkì ni Binet fẹ́ fún ẹni tó bá kùnà. Nínú ìwé kan tó tẹ̀ ní 1909, ó tako àwọn tó ń sọ pé òye ọmọ kò lè lé sí i. Ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, wọ́n a ní kí àwọn ọmọ dúró bí ère, láìmira, kí wọ́n lè kọ́ ìfarabalẹ̀.

Ó kú ní Paris lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, 1911, lẹ́ni ọdún 54. Ní 1912, William Stern ti Jámánì dábàá pé kí wọ́n fi ọjọ́ orí pín èsì ìdánwò náà. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní IQ ti jáde. Ní Amẹ́ríkà, Lewis Terman tún ìdánwò náà tò ní 1916, ó sì kà á sí òṣùwọ̀n ohun tí a bí mọ́ni. Nígbà ogun, wọ́n dán àwọn ọmọ ogun bíi mílíọ̀nù 1.7 wò, púpọ̀ nínú ìbéèrè náà jẹ́ ohun tí ẹni tó dàgbà ní Amẹ́ríkà nìkan lè mọ̀, síbẹ̀ wọ́n pe àwọn àjèjì tó kùnà ní aláìgbọ́n. Ní 1927, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀dọ́bìnrin kan ní Virginia kó má baà lè bímọ mọ́, nítorí wọ́n ní òye rẹ̀ kò pé. Ọmọ kan ṣoṣo tó ti bí, tí wọ́n ti ní kò pé nígbà tí kò tíì pé ọdún kan, wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù nílé ìwé kó tó kú lọ́mọ ọdún 8.

Simon wà láyé títí di 1961. Lójú tirẹ̀, IQ dalẹ̀ ohun tí òun àti Binet tìtorí rẹ̀ gbé ìdánwò náà jáde.