Ìrántí Nate Saint, Awakọ̀ Òfuurufú àti Bàbá Rere

Nínú àwọn tí ó fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀ nítorí ìhìnrere, a rántí Nate Saint, ọmọ Amẹ́ríkà, tí a bí ní ọdún 1923. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé e gòkè nínú ọkọ̀ òfuurufú ní kékeré ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Àrùn egungun ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè wà á nínú iṣẹ́ ọmọ-ogun, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣí ọ̀nà mìíràn.

Ní 1948, ó gbé Marjorie níyàwó, wọ́n sì ṣí lọ sí ilẹ̀ Ecuador. Ó ń fi ọkọ̀ kékeré gbé oògùn, oúnjẹ àti aláìsàn kọjá igbó kìjikìji. Aya rẹ̀ a sì máa bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn, ó sì fẹ́ràn wọn gidigidi.

Ó ta ọgbọ́n kan: bí ọkọ̀ bá ń yí po lókè, garawa tí a fi okùn gígùn sọ̀ kalẹ̀ yóò dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀. Báyìí ni ó fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí àwọn Waorani, ẹ̀yà tí ń bẹ̀rù àlejò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1956, wọ́n fi ọ̀kọ̀ pa òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ní etí odò Curaray. Ẹni ọdún 32 ni.

Ìdílé rẹ̀ kò gbẹ̀san. Rachel, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, lọ bá ẹ̀yà náà gbé ní 1958. Ní 1965, a ri méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ bọmi ní odò yẹn kan náà. Méjì nínú àwọn tí ó pa bàbá wọn ni ó rì wọ́n bọmi. Kí Olúwa fún àwa náà ní ọkàn ìdáríjì bẹ́ẹ̀. Àmín.