John Arlott: ọlọ́pàá tó di ohùn kíríkẹ́ẹ̀tì lórí rédíò

Nínú ojú ìwé Yorùbá wa tòní, a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. John Arlott ni orúkọ rẹ̀. Eré ìdárayá ló ń ròyìn lórí rédíò, ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ láti rí kọ́ lára rẹ̀.

Ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1914 ni wọ́n bí i ní Basingstoke, ní agbègbè Hampshire, nínú ilé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibi ìsìnkú ìlú. Kò lọ sí yunifásítì. Ó ṣe akọ̀wé ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Ní 1934, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Southampton, ó sì lo nǹkan bí ọdún 11 níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti ń kọ ewì. Ewì ọ̀hún ló gbé e dé BBC ní 1945, níbi tó ti ń ṣètò ètò lítíréṣọ̀ fún àwọn olùgbọ́ ilẹ̀ Éṣíà. George Orwell ti ṣe irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1946, wọ́n ní kí Arlott máa ròyìn eré náà fún àwọn ará Íńdíà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló mọ́ àwa lára, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi pátákó gbá a. Eré kan lè gba ọjọ́ márùn-ún, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì sí ohun kan pàtó tó ń ṣẹlẹ̀. Kí ni ẹni tó wà nídìí gbohùngbohùn yóò wá sọ? Arlott a máa sọ bí sánmà ṣe rí, bí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ṣe ń rìn, ohun tí àwọn ẹyẹ ń ṣe lórí pápá. Ẹni tó jókòó sínú yàrá rẹ̀ á máa rí gbogbo rẹ̀.

Òun ló wà nídìí gbohùngbohùn ní oṣù kẹjọ ọdún 1948, nígbà tí Don Bradman, ará Ọsirélíà, jáde gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbà ìkẹyìn nínú ìdíje láàárín orílẹ̀-èdè. Àmì 4 péré ló kù kí ìpíndọ́gba rẹ̀ pé 100. Bọ́ọ̀lù kejì ló lé e kúrò lórí pápá láìgba àmì kankan. Ìpíndọ́gba rẹ̀ dúró sí 99.94. Arlott kò pariwo. Ńṣe ló rọra ń wò ó bóyá ojú ènìyàn lè rí bọ́ọ̀lù kedere ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ ilé ìwé olówó ni ohùn tí à ń gbọ́ lórí BBC. Arlott ń sọ ti Hampshire: /r/ tí àwọn yòókù ń gbé mì, òun a máa pè é jáde. Ọ̀gá kan sọ fún un pé ohùn rẹ̀ jẹ́ ti mẹ̀kúnnù, ṣùgbọ́n pé làákàyè rẹ̀ dára. Kò yí ohùn rẹ̀ padà. Nígbà tó yá, ohùn yìí gan-an ni àwọn ènìyàn ń sín jẹ.

Ó tún mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Ní 1948 sí 1949, ó lọ sí South Africa, ó sì rí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ènìyàn dúdú. Nínú fọ́ọ̀mù tó béèrè ẹ̀yà rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ẹ̀yà ọmọ ènìyàn ni òun. Lẹ́yìn èyí, Basil D'Oliveira kọ̀wé sí i láti Cape Town, níbi tí wọn kò ti gbà kí ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè. Arlott wá ẹgbẹ́ fún un kiri títí wọ́n fi gbà á ní Middleton ní 1960. Nígbà tó di 1966, ó ti ń gbá a fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, tí ẹgbẹ́ South Africa fẹ́ wá, Arlott kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Guardian pé òun kò ní ròyìn eré wọn. Wọ́n fagi lé ìrìn àjò náà.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1980 ló ròyìn ìdíje ńlá kẹ́yìn, ní pápá Lord's. Kò dágbére gígùn. Ó kàn fa ọ̀rọ̀ lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ lórí pápá, àwọn òǹwòran àti àwọn eléré pàtẹ́wọ́ fún un. Ó lọ gbé ní erékùṣù Alderney, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1991.

Lóde òní, àwòrán ti gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ṣe. Ohun tí ojú ń rí, ẹnu kì í fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ mọ́. Àárò irú ohùn bẹ́ẹ̀ ń sọ wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àárò lọ. Àwa ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, bí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn síwájú wa, ẹ̀ka-èdè ìyá wa la kọ́kọ́ ń fi pamọ́. Ẹni tó sọ ilé nù ló so àpò ìyà kọ́. Ẹ jẹ́ ká máa rántí ọlọ́pàá Hampshire yìí.