Ẹni Tí Ó Ń Wá Ẹsẹ̀ Ẹranko

Ní ọdún 1817 ni wọ́n bí Henry David Thoreau ní ìlú Concord, ní Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ń ṣe pẹ́ńsù tà. Henry náà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n inú igbó ni ọkàn rẹ̀ wà.

Òtútù ibẹ̀ ju ti ọyẹ́ wa lọ púpọ̀. Omi máa ń dì, yìnyín funfun bí òwú a sì bo ilẹ̀. Henry kò ní jókòó ti iná. Yóò mú ọ̀pá rẹ̀, yóò wọ igbó lọ. Ó fín àmì sára ọ̀pá náà, òun ló fi ń wọn bí yìnyín ṣe jìn tó.

Kí ló ń wá? Ẹsẹ̀ ẹranko ni. Ti ehoro rèé, ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nìyẹn! Bó bá délé, yóò kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó kọ́ ilé pákó kékeré kan sẹ́bàá adágún Walden. Ehoro kan sùn sábẹ́ ilé náà. Bí Henry bá dìde láàárọ̀, ẹ̀rù a ba ehoro, a sì fi orí gbá pákó, gbà! gbà!

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1860, Henry ń ka òrùka inú kùkùté igi, kí ó lè mọ ọjọ́ orí igi náà. Òtútù mú un. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ wá le sí i. Ó kú ní ọdún 1862, ní ẹni ọdún 44.

Ọjọ́ tí òdòdó kọ̀ọ̀kan tanná wà nínú ìwé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń lò ó títí di òní. Òun ni wọ́n fi mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òdòdó Concord ń tètè tanná ju ti ayé Henry lọ, nítorí ooru ń pọ̀ sí i.