Mojọlá Agbebi àti Ọrẹ Àtinúwá

Iléṣà ni a ti bí Mojọlá Agbebi ní ọdún 1860. David Brown Vincent ni à ń pè é títí di ọdún 1894. Nígbà tí òun àti àwọn Onítẹ̀bọmi mìíràn ya kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Èkó ní ọdún 1888, owó Amẹ́ríkà kò bá wọn lọ. Ọrẹ àtinúwá àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n fi gbọ́ bùkátà ìjọ tuntun náà. Ní ọdún 1914, tilé-toko parapọ̀, Agbebi sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Yorùbá. Ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 1917. Láti inú ẹgbẹ́ yẹn ni Àjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà, tó ni Yunifásítì Bowen ní Ìwó, ti jáde. Ẹ̀yin ará, ẹ má fojú kéré ọrẹ yín.