Bertha Benz àti Búréèkì Mọ́tò

Kò sí ẹni tí ó ń gba ọ̀nà Badagry láti Mile 2 tí kò mọ Festac Town àti Amuwo-Odofin. Ìjọba ni ó kọ́ Festac sílẹ̀ de àwọn àlejò tí wọ́n wá sí àjọ̀dún ńlá ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1977. Lónìí, àwọn mẹkáníìkì pọ̀ ní àdúgbò náà, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò tí ó wà ní ọgbà Trade Fair kò sì jìnnà sí wọn. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá bọ́ táyà, tí ó yọ páàdì búréèkì tí ó ti jẹ, tí ó sì fi èyí tí ó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ àtayébáyé mọ́tò ni ó ń ṣe. Obìnrin ará Jámánì kan ni a gbà pé ó kọ́kọ́ dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìlú Pforzheim ni a gbé bí Bertha Ringer ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, ọdún 1849. Ní 1872 ni ó fẹ́ Carl Benz, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ irin, ṣùgbọ́n tí kò lówó lọ́wọ́. Kí wọn tó ṣe ìgbéyàwó rárá ni Bertha ti gba ìpín tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, tí ó sì fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ alábàáṣe Carl tí kò ṣeé gbára lé. Ìyà jẹ wọ́n fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó di 1886, Carl gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń fi ẹ́ńjìnnì rìn. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò fẹ́ rà á, nítorí wọn kò gbà pé ó lè rin ọ̀nà jíjìn.

Bertha kò wí fún ọkọ rẹ̀ rárá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1888, ó mú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, wọ́n ti ọkọ̀ náà jáde, wọ́n sì kọrí sí Pforzheim láti Mannheim. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 100. Epo tán, ó ra irú èyí tí a fi ń yọ àbàwọ́n aṣọ ní ilé olóògùn ní Wiesloch. Ihò epo dí. Ó fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ la á. Ṣéènì bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ bá a tún un ṣe. Bí òkè bá ga jù, àwọn ọmọ a bọ́ sílẹ̀, wọn a máa tì í.

Ṣùgbọ́n gígun òkè kò léwu tó sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Igi ni búréèkì ọkọ̀ náà, bí ó sì ti ń ha kẹ̀kẹ́ ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó ń jẹ. Bí igi náà bá tán, kò sí ohun tí yóò dá ìyá àti ọmọ dúró. Nítorí náà ni Bertha ṣe yà sọ́dọ̀ aránbàtà kan, tí ó ní kí ó kan awọ mọ́ igi náà. Awọ mú kẹ̀kẹ́ dáradára, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní àlàáfíà kí ilẹ̀ tó ṣú tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n padà sílé. Bertha sọ gbogbo àléébù ọkọ̀ náà fún Carl, òun náà sì fi jíà mìíràn sí i fún gígun òkè. Òkìkí mọ́tò wọn bẹ̀rẹ̀ sí kàn. Carl kú ní 1929. Bertha kú ní Ladenburg ní 1944, ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ó pé ẹni ọdún 95.

Ọgbọ́n náà kò bá a kú. Bí eré mọ́tò bá di ìlọ́po méjì, agbára tí búréèkì gbọdọ̀ pa a di ìlọ́po mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ a sì di ooru. Ìdí nìyí tí mọ́tò Jaguar tí ó lo búréèkì alàwo irin fi borí ní ìje Le Mans ní 1953, nítorí àwo irin tètè ń tutù. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí àwọn tí ń fi mọ́tò sáré lórí pápá fi ń wá páàdì àti epo búréèkì tí ó lè fara da ooru. Ẹni tí ó bá fẹ́ sáré gbọdọ̀ kọ́kọ́ mọ bí yóò ti dúró.