Gregory Kẹwàá, Póòpù Tó Dín Oúnjẹ Àwọn Kádínà Kù

Nígbà tí àwọn kádínà wọlé ìdìbò ní Róòmù ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, èéfín ni gbogbo ènìyàn ń wò. Oúnjẹ wọn ni èmi ń rò. Teobaldo Visconti ló fà á, ọmọ Piacenza ní Ítálì, ẹni tí ayé mọ̀ sí Póòpù Gregory Kẹwàá.

Póòpù Clement Kẹrin kú ní Viterbo ní oṣù kọkànlá ọdún 1268. Àwọn kádínà jókòó láti yan ẹlòmíràn, wọn ò rí i yàn. Àwọn kan ń ṣe ti Faransé, àwọn yòókù ò gbà. Ọdún kan kọjá, ó ń lọ sí méjì. Nígbà tó sú àwọn ará ìlú, wọ́n ti ìlẹ̀kùn ààfin mọ́ wọn, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù di búrẹ́dì àti omi, wọ́n sì ṣí òrùlé kúrò lórí wọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tètè yanjú. Mẹ́ta nínú wọn kú kí ìdìbò tó parí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lé ẹni mẹ́fà lọ́wọ́, àwọn wọ̀nyí sì mú Teobaldo ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1271.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ọkùnrin yìí kì í ṣe kádínà, kì í tiẹ̀ ṣe àlùfáà. Acre ló wà ní Ilẹ̀ Mímọ́, lọ́dọ̀ àwọn ajagun ẹ̀sìn. Ibẹ̀ ló ti kọ lẹ́tà fún bàbá Marco Polo láti mú lọ fún Kublai Khan. Oṣù kejì ọdún 1272 ló tó dé Viterbo, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi í joyè àlùfáà.

Ẹni tí ebi Viterbo ò pa ló wá fi ebi ṣòfin. Ní ìpàdé ńlá ìjọ Àgùdà ní Lyon lọ́dún 1274, ó gbé òfin Ubi periculum jáde. Kí wọ́n ti àwọn kádínà mọ́ yàrá kan, kí oúnjẹ máa gba ojú fèrèsé wọlé. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí póòpù, irú oúnjẹ kan ṣoṣo lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di búrẹ́dì, wáìnì àti omi. Owó tó ń wọlé fún wọn láti àpò póòpù náà dúró. Lójú tèmi, ti owó yẹn á ta wọ́n ju ti oúnjẹ lọ. Àwọn kádínà fárígá, ṣùgbọ́n àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbè sẹ́yìn póòpù.

Gregory kú ní Arezzo ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ọdún 1276. Ìdìbò àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin rẹ̀ gba ọjọ́ kan péré: Innocent Karùn-ún ni wọ́n mú. Kí ọdún náà tó parí, Adrian Karùn-ún ti dá òfin náà dúró, John Kọkànlélógún sì fagi lé e. Kí la tún rí? Nígbà tí Nicholas Kẹrin kú lọ́dún 1292, ó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó rí ẹni tí wọn yóò mú. Ẹni náà, Celestine Karùn-ún, ló dá òfin Gregory padà lọ́dún 1294, Boniface Kẹjọ sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìjọ. Clement Kẹfà ló tú okùn ebi náà díẹ̀ lọ́dún 1351. Ní báyìí, ilé ìgbàlejò Santa Marta ni àwọn kádínà ti ń jẹun, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.